Bí ẹ ṣe lè fi owó ránṣẹ́ sí èèyàn yín tó wà ní county jail ní Amẹ́ríkà

Tí wọ́n bá mú ọmọ ẹni ní Houston tàbí ní Maryland, ohun àkọ́kọ́ tí ẹbí máa ń béèrè ni pé, "Kí ló ṣe?" Ìkejì ni èyí tí wọ́n ń bi mí lemọ́lemọ́: "Báwo la ṣe máa fún un lówó tó máa fi ra ọṣẹ?" Ìkejì yìí ni mo fẹ́ dáhùn. Ẹ fi ti àkọ́kọ́ sílẹ̀ fún lọ́yà, pàápàá tó bá jẹ́ orí fóònù àtìmọ́lé lẹ ti fẹ́ bi í.

Owó sísan fúnra rẹ̀ kò le. Ẹni tó bá ní káàdì Amẹ́ríkà lè parí rẹ̀ kí omi ẹ̀bà tó hó. Ibi tí wàhálà wà ni kí ẹ mọ ọgbà tó wà gan-an, orúkọ tí wọ́n fi kọ ọ́ sílẹ̀, àti ilé-iṣẹ́ tí ọgbà náà gbà kó máa bá wọn gba owó. Ẹni tó bá fo ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló máa ń sanwó sínú àkáǹtì ẹni tí kò mọ̀ rí.

## Irú àtìmọ́lé wo ni?

Ní Nàìjíríà, àjọ kan náà ló ń bójú tó Agodi, Kírìkìrì àtàwọn ọgbà ẹ̀wọ̀n yòókù. Amẹ́ríkà kò rí bẹ́ẹ̀. Kálukú ló ń dá tirẹ̀ ṣe, ètò owó ibi kan kò sì kan ibòmíràn.

- County jail. County dà bí ìjọba ìbílẹ̀ tiwa. Ṣẹ́rífù, ìyẹn olórí ọlọ́pàá county, ló sábà máa ń darí rẹ̀. Àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú, àwọn tó ń dúró de ẹjọ́, àtàwọn tí ẹ̀wọ̀n wọn kì í sábà ju ọdún kan lọ ló wà níbẹ̀. Ní Louisiana, parish ni wọ́n ń pe county.
- Ẹ̀wọ̀n ìpínlẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ń kó ẹni tí wọ́n ti dá ẹ̀wọ̀n gígùn fún lọ.
- Ẹ̀wọ̀n ìjọba àpapọ̀. Àjọ BOP (Federal Bureau of Prisons) ló ni ín. Nọ́ńbà ẹni tó wà níbẹ̀ ní òǹkà mẹ́jọ. Mọ́nì ọ́dà wọn (ìwé owó tí ẹ lè rà ní ilé ìfìwéránṣẹ́) ń lọ sí Des Moines ní ìpínlẹ̀ Iowa, ibi yòówù kí èèyàn náà wà. Ẹ má fi ránṣẹ́ sí ọgbà tó ń gbé.
- Àtìmọ́lé ICE, ìyẹn àjọ ìmígíréṣọ̀n Amẹ́ríkà. Ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú ló gbé èèyàn débẹ̀. Nọ́ńbà tó ní lẹ́tà A níwájú ni wọ́n fi ń mọ olúkúlùkù.

Ibi tó ti máa ń dojú rú ni pé ICE àti àwọn máṣàlì ìjọba àpapọ̀ (àwọn agbófinró tó ń ṣọ́ àwọn tó ń dúró de ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀) máa ń háyà àyè nínú county jail. Ẹ lè gbọ́ pé "ICE ló mú un", kó sì jẹ́ pé county jail ló ń sùn. Ohun tí ẹ máa tẹ̀ lé nínú ọ̀ràn owó ni ibi tó ń sùn, kì í ṣe ẹni tó mú un. Tó bá jẹ́ county jail ló wà, ètò county yẹn lẹ máa lò.

Àwọn ibì kan sì wà tí kò sí county jail rárá, torí pé ìpínlẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń darí gbogbo àtìmọ́lé: Delaware, Connecticut, Rhode Island, Vermont àti Hawaii. Ìpínlẹ̀ Maryland náà ló ń darí àtìmọ́lé ìlú Baltimore, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn county tó yí i ká ní tiwọn. Rikers Island ní New York, ìjọba ìlú ló ni ín. Tí ẹ bá ń wá ṣẹ́rífù fún àwọn ibi wọ̀nyí, ẹ ò ní rí ohun tí ẹ ń wá.

## Àpò owó mẹ́rin tí kò mọ ara wọn

Èyí ló ń fa ẹkún jù lọ. Ìyá kan á ní òun ti san 100 dọ́là, ọmọ á ní òun ò rí kọ́bọ̀, òótọ́ sì ni àwọn méjèèjì ń sọ. Àpò tí kò yẹ lowó lọ.

Àpò commissary. Commissary ni ṣọ́ọ̀bù inú àtìmọ́lé. Owó inú àpò yìí ni èèyàn yín á fi ra núdùsì, kọfí, ọṣẹ ìfọyín, ìbọ̀sẹ̀, ìpara àti àwọ̀tẹ́lẹ̀ tó nípọn, torí òtútù ibẹ̀ kì í ṣe kékeré. Nígbà tí ọmọ Amẹ́ríkà bá ní kí ẹ fi owó sí "books" ẹnì kan, àpò yìí ló ń sọ.

Àpò fóònù. Ilé-iṣẹ́ mìíràn ló sábà máa ń ni èyí. Oríṣi méjì ló sì wà. Èkíní, ẹ fi owó sórí nọ́ńbà tiyín, kó lè máa pe ẹ̀yin nìkan. Èkejì, ẹ fi sórí àkáǹtì tirẹ̀, kó lè pe ẹni tó bá wù ú lára àwọn tí wọ́n gbà fún un. Kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè èyí tó fẹ́, kó má lọ jẹ́ pé ẹ̀yin nìkan ló lè pè nígbà tí lọ́yà àti ìyàwó rẹ̀ ń retí ohùn rẹ̀.

Àpò tablet. Ní ọ̀pọ̀ county báyìí, wọ́n ń fún wọn ní tablet tí wọ́n fi ń kọ lẹ́tà, gbọ́ orin, wo fíìmù. Owó tirẹ̀ dá wà.

Béèlì. Ẹ má ṣe fi owó béèlì sínú àpò commissary. Ilé ẹjọ́, ọ́fíìsì béèlì ọgbà náà, tàbí oníbéèlì tó ní ìwé àṣẹ (oníṣòwò tó ń dúró fún ẹlẹ́jọ́ nílé ẹjọ́) lẹ máa san án fún. Oníbéèlì sábà máa ń gba ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó tí adájọ́ dá, kò sì ní dá a padà fún yín kódà tí wọ́n bá fagi lé ẹjọ́. Ní Illinois, tí Chicago wà nínú rẹ̀, wọ́n ti fòpin sí béèlì olówó láti oṣù kẹsàn-án 2023. Ẹni tó bá pè yín pé kí ẹ san béèlì ní Cook County, ìyẹn county tí Chicago wà, gbájúẹ̀ ni.

## Kí ẹ ní nǹkan wọ̀nyí lọ́wọ́

- Orúkọ county àti orúkọ ìpínlẹ̀. Ẹ mú méjèèjì. Montgomery County wà ní Maryland, ó wà ní Texas, ó tún wà ní Pennsylvania, àwọn èèyàn wa sì wà ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.
- Orúkọ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́ síbẹ̀.
- Nọ́ńbà rẹ̀. Ibòmíràn ń pè é ní booking number, ibòmíràn inmate ID. SPN ni wọ́n ń pè é ní Harris County, níbi tí Houston wà.
- Ọjọ́ ìbí rẹ̀.
- Káàdì tó ní àdírẹ́sì Amẹ́ríkà, tàbí owó ní ọwọ́.
- Ímeèlì àti nọ́ńbà fóònù ẹni tó ń sanwó.

## Orúkọ wa àti kọ̀ǹpútà wọn

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ níbí, torí pé ọ̀rọ̀ tiwa ni, kò sì sí nínú àlàyé tí ṣẹ́rífù kọ.

Ẹ lè tẹ orúkọ ọmọ yín láìṣì lẹ́tà kan, kí kọ̀ǹpútà sì ní kò sírú ẹni bẹ́ẹ̀. Ó wà ńbẹ̀. Ẹni tó ń jẹ́ Olúwadámiláre lè di OLUWADAMILAR torí pé àyè tán. Ayọ̀délé lè di AYO DELE. Ọlọ́pàá tó kọ ọ́ sílẹ̀ lè gbé orúkọ àárín sípò orúkọ ìdílé, tàbí kó pa orúkọ ìdílé méjì tí obìnrin kan ń jẹ́ lẹ́yìn ìgbéyàwó pọ̀ di ọ̀kan. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ yẹn lẹ máa lò títí ẹjọ́ á fi parí, ìbáà tiẹ̀ dùn yín tàbí kó má dùn yín.

Bí ẹ ṣe máa wá a nìyí:

1. Ẹ yọ gbogbo àmì kúrò. S ni kí ẹ tẹ dípò ṣ, e dípò ẹ, o dípò ọ.
2. Lẹ́tà mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ ìdílé nìkan ni kí ẹ kọ́kọ́ tẹ̀. Kí ẹ fi orúkọ àbísọ sílẹ̀.
3. Tí kò bá jáde, ẹ yí i padà: ẹ fi orúkọ àbísọ sí àyè orúkọ ìdílé.
4. Ẹ wo ọjọ́ ìbí. Oṣù ló ń ṣáájú lọ́dọ̀ wọn. 04/08 jẹ́ ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹrin, kì í ṣe ọjọ́ kẹrin oṣù kẹjọ.
5. Ẹ gbìyànjú ìkànnì VINELink, tí ẹ lè fi wá èèyàn ní ọ̀pọ̀ county àti ìpínlẹ̀, láìgba kọ́bọ̀.
6. Tí gbogbo rẹ̀ bá kọ̀, ẹ pe nọ́ńbà àtìmọ́lé náà, kí ẹ sọ orúkọ lẹ́tà kan tẹ̀ lé òmíràn, kí ẹ sì sọ ọjọ́ ìbí. Wọ́n máa ń dáhùn.

Tó bá jẹ́ pé òní ni wọ́n mú un, ẹ ní sùúrù. Ó lè tó wákàtí mélòó kan, ó sì lè di ọjọ́ kejì, kí orúkọ tó hàn. Wíwá èèyàn lórí ìkànnì ICE le ju èyí lọ: orúkọ gbọ́dọ̀ bára mu láìyẹ lẹ́tà kan, àti orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti bí i. Ìdí nìyẹn tí nọ́ńbà A fi dára jù. Ẹ wò ó lára káàdì iṣẹ́ rẹ̀, lára green card, tàbí nínú ìwé tí ìmígíréṣọ̀n kọ sí i tẹ́lẹ̀.

## Ìgbésẹ̀ sísan owó lórí íntánẹ́ẹ̀tì

1. Ẹ lọ sí ìkànnì ṣẹ́rífù county náà. Ẹ má ṣe tẹ ohun àkọ́kọ́ tí Google gbé wá, ìpolówó ló sábà máa ń jẹ́. Èyí tó parí sí .gov ló fọkàn balẹ̀ jù. Àwọn ṣẹ́rífù kan ń lo .org tàbí .com lóòótọ́, nítorí náà tí ó bá rú yín lójú, ẹ pe ọgbà náà kí ẹ béèrè.
2. Ẹ wá èèyàn yín nínú ìwé orúkọ wọn. Ẹ kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ wò bóyá ó ṣì wà níbẹ̀.
3. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Inmate Funds, Inmate Accounts tàbí Commissary sí. Ibẹ̀ ni wọ́n á ti sọ ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ń lò. Ẹ lè rí Access Corrections, JPay, JailATM, ConnectNetwork, TouchPay tàbí òmíràn. Ẹ má gba ti ẹni tó ní "JPay ni gbogbo wọn ń lò". County méjì tó fara kanra lè máa lo ilé-iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n sì lè pààrọ̀ rẹ̀ láàárín ọdún.
4. Ẹ ti orí ìkànnì ṣẹ́rífù tẹ ìlà tó lọ sí ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ náà. Ẹ má lọ wá a fúnra yín.
5. Ẹ forúkọ sílẹ̀. Orúkọ tó wà lára káàdì yín ni kí ẹ lò, àti àdírẹ́sì tí báńkì mọ̀. Ẹni tó ń sanwó ló ń forúkọ sílẹ̀, kì í ṣe ẹni tó wà ní àtìmọ́lé.
6. Ẹ yan ìpínlẹ̀, lẹ́yìn náà ọgbà, lẹ́yìn náà ẹ tẹ nọ́ńbà. County ńlá lè ní ọgbà tó ju ẹyọ kan lọ.
7. Ẹ dúró, kí ẹ ka orúkọ tó jáde. Ṣé òun ni? Ṣé ọjọ́ ìbí bára mu? Tí ẹ bá ti tẹ ìkẹyìn, ó ṣòro kí wọ́n tó dá owó padà.
8. Ẹ yan àpò. Commissary, fóònù tàbí tablet.
9. Ẹ kọ iye owó, kí ẹ sì wo owó iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ yọ kí ẹ tó sanwó.
10. Ẹ fi fóònù ya àwòrán nọ́ńbà ìdánilójú. Tí owó bá sọnù, nọ́ńbà yìí ni ilé-iṣẹ́ máa kọ́kọ́ béèrè.

Owó á sábà wọlé lọ́jọ́ náà tàbí láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Àmọ́ owó tó ti wọlé kò túmọ̀ sí pé ó ti rí nǹkan jẹ. Ní ọ̀pọ̀ ọgbà, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń kọ ohun tí wọ́n fẹ́ rà sílẹ̀. Tó bá jẹ́ àṣálẹ́ ọjọ́ Ajé ni wọ́n ń pa ìwé náà dé, tí owó yín sì dé láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ bi í pé ọjọ́ wo ni, kí ẹ sì sanwó ní ọjọ́ méjì ṣáájú.

Nípa owó iṣẹ́: ẹ má ṣe máa fi dọ́là mẹ́wàá mẹ́wàá ránṣẹ́. Wọ́n lè yọ dọ́là mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí owó kékeré, wọn kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ fi kún un tí owó bá pọ̀ díẹ̀. 50 dọ́là lẹ́ẹ̀kan sàn ju mẹ́wàá lọ́nà márùn-ún lọ.

## Tí ẹ ò bá ní káàdì

Ẹ̀rọ tó wà ní ẹnu ọ̀nà àtìmọ́lé. Ó dà bí ATM, ó ń gba owó ní ọwọ́, púpọ̀ nínú wọn sì ń gba káàdì. Kì í fúnni ní ṣéńjì, nítorí náà iye tí ẹ fẹ́ san gan-an ni kí ẹ mú lọ. Ẹ gba rìsíìtì. Ẹni tí ìwé ìgbélùú rẹ̀ kò tíì gún, kó bá lọ́yà sọ̀rọ̀ kó tó fi ẹsẹ̀ rẹ̀ rìn lọ síbẹ̀. Ó sàn kó rán ẹlòmíràn.

Ní ṣọ́ọ̀bù. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan máa ń fún yín ní bákóòdù tí ẹ máa gbé lọ sí ṣọ́ọ̀bù bíi 7-Eleven tàbí CVS. Ẹ máa san owó fún ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ, á sì wọlé. MoneyGram ní Walmart náà ń ṣiṣẹ́ fún àwọn ọgbà kan, tí ẹ bá ti gba kóòdù ọgbà náà lórí ìkànnì ṣẹ́rífù.

Mọ́nì ọ́dà. Èyí ló pẹ́ jù, àmọ́ òun náà ni owó iṣẹ́ rẹ̀ sábà máa ń kéré jù lọ. Ẹ rà á ní ilé ìfìwéránṣẹ́ USPS. Ẹyọ kan kò lè ju 1,000 dọ́là lọ, wọn kì í sì í gba credit card fún un. Ẹ ka bí wọ́n ṣe ní kí ẹ kọ ọ́: ibì kan fẹ́ orúkọ èèyàn yín àti nọ́ńbà rẹ̀, ibì kan fẹ́ orúkọ ilé-iṣẹ́ tó ń gba owó. Àdírẹ́sì tí wọ́n ń fi mọ́nì ọ́dà ránṣẹ́ sí lè yàtọ̀ sí ti lẹ́tà, torí pé ọ̀pọ̀ county ti gbé lẹ́tà fún ilé-iṣẹ́ tó wà ní ìlú mìíràn, tí wọ́n ń ya á sínú kọ̀ǹpútà. Ẹ má fi lẹ́tà tàbí fọ́tò sínú àpòòwé kan náà. Ẹ tọ́jú ewé kékeré tí ẹ máa ya kúrò lára rẹ̀.

Owó bébà nínú àpòòwé àti ṣéèkì tara ẹni, wọn kì í gbà á. Ẹ má dán an wò.

## Tí ẹ bá wà ní Nàìjíríà tàbí ní Britain

Èmi ò ní fi ọ̀rọ̀ dídùn tàn yín: láti ìta, ó ṣòro. Fọ́ọ̀mù á béèrè ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà àti ZIP code (nọ́ńbà àdúgbò nínú àdírẹ́sì) tó bá káàdì mu. Káàdì tí báńkì Nàìjíríà tàbí ti Britain fúnni sábà máa ń kọ̀ níbẹ̀. Kí ẹ má sì ṣe lọ fi Western Union ránṣẹ́ ní orúkọ ọmọ yín bí ẹni ń ránṣẹ́ sí ilé, nítorí kò lè jáde lọ gbà á.

Ohun tó ń ṣiṣẹ́:

- Ẹ yan ẹnì kan ní Amẹ́ríkà, ẹnì kan ṣoṣo, tí gbogbo ẹbí máa fi owó ránṣẹ́ sí ní ọ̀nà tí ẹ ń gbà tẹ́lẹ̀. Òun lá máa san án sí àpò. Ẹ̀gbọ́n, ìyàwó, tàbí ẹni tó ṣe é fọkàn tán ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí.
- Kí ẹni yẹn máa fi àwòrán nọ́ńbà ìdánilójú ránṣẹ́ sí ẹbí ní gbogbo ìgbà. Ìfura kì í pẹ́ wọ àárín ẹbí níbi tí owó bá wà.
- Lọ́yà kì í ṣe ẹni tí ẹ máa fi owó commissary rán. Kí owó lọ́yà jẹ́ owó lọ́yà.

Lórí ọ̀rọ̀ fóònù, ọ̀pọ̀ àtìmọ́lé kò gbà kí wọ́n pe nọ́ńbà òkè òkun, ibi tó sì gbà máa ń gba owó gọbọi. Ohun tí àwọn ẹbí wa máa ń ṣe ni pé kí ẹni tó wà ní Dallas gbé ìpè náà, kó wá so màmá tó wà ní Ìbàdàn pọ̀ mọ́ ọn. Ẹ má ṣe é. Ẹ̀rọ wọn ń dá irú ìpè bẹ́ẹ̀ mọ̀, ó máa gé e, wọ́n sì lè ti nọ́ńbà yín pa tàbí kí wọ́n fìyà jẹ ẹni tó wà nínú. Kí màmá kọ lẹ́tà, tàbí kí ẹ lo iṣẹ́ ọ̀rọ̀ orí tablet níbi tí wọ́n bá ti gbà á.

Tí ẹ ò bá mọ ibi tí ọmọ Nàìjíríà kan wà rárá, ẹ kàn sí ẹ́mbásì ní Washington tàbí kọ́ńsúlééètì ní New York tàbí Atlanta. Àdéhùn Vienna ti 1963 fún wọn láyè láti bẹ ọmọ orílẹ̀-èdè wọn wò. Wọn kì í bá yín san owó commissary o.

## Èló ló tó?

Ẹ kọ́kọ́ fi díẹ̀ ránṣẹ́, 30 sí 50 dọ́là, kí ẹ sì bi í pé èló ló rí. Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn ni pé ó lè ti jẹ àtìmọ́lé ní gbèsè kí owó yín tó dé: owó ìforúkọsílẹ̀ ọjọ́ tí wọ́n mú un wọlé, owó ìgbà tó lọ rí nọ́ọ̀sì, owó ohun tó bàjẹ́. Nígbà tí owó bá wọlé, wọ́n á yọ tiwọn, nígbà míràn ìdajì tàbí gbogbo rẹ̀. Kì í ṣe pé ọmọ yín ń purọ́.

Ẹni tí kò ní kọ́bọ̀ lápò kò ní wà láìní ọṣẹ. Wọ́n máa ń fún wọn ní ọṣẹ, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àti bébà díẹ̀. Nítorí náà ẹ má tìtorí commissary lọ yá owó èlé. Tí owó bá wà ní ìwọ̀nba, lọ́yà ni kó kọ́kọ́ lọ fún, lẹ́yìn náà fóònù, kí commissary tó tẹ̀ lé e. Èrò tèmi nìyẹn. Ẹni tó ti jẹ oúnjẹ ibẹ̀ lè bá mi jiyàn.

## Ìkìlọ̀

Gbájúẹ̀. Ìwé orúkọ àwọn tó wà ní àtìmọ́lé wà ní gbangba. Ẹnikẹ́ni lè ka orúkọ ọmọ yín, ẹ̀sùn rẹ̀ àti iye béèlì rẹ̀, kó sì pè yín bí ọlọ́pàá: "Ẹ san 500 dọ́là fún ẹ̀rọ tá a máa so mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, ó ń jáde lónìí." Tó bá ti ní kí ẹ fi gift card, Zelle, Cash App tàbí bitcoin san án, ẹ pa fóònù. Ẹ wá nọ́ńbà àtìmọ́lé náà lórí ìkànnì ṣẹ́rífù, kí ẹ sì pè é fúnra yín. Nọ́ńbà tó hàn lórí fóònù yín kò já mọ́ nǹkan kan, wọ́n lè yí i.

Àkáǹtì ẹlòmíràn. Tí èèyàn yín bá pè, tó ní kí ẹ fi owó sí orúkọ ẹlẹ́wọ̀n mìíràn, tàbí sí Cash App ẹnì kan tí ẹ ò mọ̀, ohùn rẹ̀ lè balẹ̀, àmọ́ ẹnì kan lè dúró tì í. Gbèsè tẹ́tẹ́ ni, tàbí wọ́n ń halẹ̀ mọ́ ọn. Ọ̀pọ̀ ọgbà ka irú owó bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ má san án. Ẹ sọ fún lọ́yà rẹ̀, kí lọ́yà bá ọgbà sọ ọ́ lọ́nà tí kò ní fi ọmọ sínú ewu.

Fóònù ń gba ohùn sílẹ̀. Ẹ sọ ọ̀rọ̀ owó, ẹ sọ ti ilé, ẹ gbàdúrà. Ẹ má sọ ti ẹjọ́. Ẹ má rò pé torí Yorùbá lẹ ń sọ kò sẹ́ni tó máa gbọ́. Ògbufọ̀ wà, wọ́n sì máa ń gbé irú ohùn bẹ́ẹ̀ síwájú adájọ́.

Ta ni kò gbọ́dọ̀ sanwó? Ẹni tí ilé ẹjọ́ ti ní kó má bá a ní àjọṣe, ẹni tí wọ́n jọ ń jẹ́jọ́ kan náà, ẹni tí wọ́n ní èèyàn yín ṣẹ̀, àti ẹni tó wà lórí probation (ẹni tí ilé ẹjọ́ fi sílẹ̀ lábẹ́ ìṣọ́ dípò ẹ̀wọ̀n). Orúkọ ẹni tó sanwó máa ń wà lákọsílẹ̀. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bi lọ́yà kó tó ṣe ohunkóhun.

## Tí nǹkan ò bá lọ bó ṣe yẹ

- Káàdì kọ̀. Ẹ wo ZIP code. Ẹ wo bóyá iye owó kọjá ohun tí wọ́n ń gbà lẹ́ẹ̀kan. Ẹ pe báńkì, torí wọ́n lè ti dá a dúró pé ó jọ jìbìtì.
- Owó lọ sí ẹni tí kì í ṣe tiyín. Ẹ pe ilé-iṣẹ́ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ tó pe ọgbà. Ẹ má sọ fún báńkì kó gba owó padà tipátipá, nítorí ilé-iṣẹ́ lè ti àkáǹtì yín pa, ẹ ò sì ní lè sanwó síbẹ̀ mọ́.
- Wọ́n gbé e kúrò. Ẹ dá owó dúró títí ẹ fi máa mọ ibi tó wà. Owó tó ṣẹ́ kù ní county sábà máa ń tẹ̀ lé e bíi ṣéèkì, ó sì lè pẹ́. Tí lọ́yà bá ti sọ pé wọ́n ń gbé e lọ sí ẹ̀wọ̀n ìpínlẹ̀ láìpẹ́, ẹ má ṣe kó owó ńlá síbẹ̀ mọ́.

## Nígbà tó bá jáde

Owó commissary tó ṣẹ́ kù, tirẹ̀ ni. Wọ́n á fún un ní owó, ṣéèkì tàbí káàdì. Káàdì yẹn ni kí ẹ fojú sílẹ̀ fún, torí wọ́n lè máa yọ owó lórí rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ bí kò tilẹ̀ ná an. Ní 2021, àjọ CFPB, tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà ní Amẹ́ríkà, pàṣẹ fún JPay láti dá mílíọ̀nù mẹ́rin dọ́là padà fún àwọn tó jáde lẹ́wọ̀n, kó sì san mílíọ̀nù méjì bí owó ìtanràn, lórí ọ̀rọ̀ irú káàdì bẹ́ẹ̀. Kó béèrè bóyá ó lè gba ṣéèkì dípò rẹ̀. Tí wọ́n bá ní káàdì nìkan ló wà, kó gba gbogbo owó inú rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Owó fóònù tó wà lórí nọ́ńbà yín, ẹ̀yin lẹ ni ín. Ẹ pe ilé-iṣẹ́ fóònù náà kí ẹ béèrè rẹ̀, kí ẹ sì ti àkáǹtì náà pa, torí tẹ́lẹ̀, àwọn kan máa ń gba owó àkáǹtì tí ẹni kankan kò lò fún oṣù mélòó kan.